TA NI À Ń BO ÀṢÍRÍ RẸ̀?

Lẹ́tà tí ó wọlé sí mi lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yìí kò kéré. Ọ̀kan ń bèèrè ohun tí òun lè ṣe sí àna tí kò yé yá owó. Ọ̀kan ní kí n bá òun bá ọmọ òun wí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù fún mi, n óò dé ọ̀dọ̀ gbogbo yín. Lẹ́tà kan wà nínú wọn tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn, òun ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí.

Ìyá kan ni ó kọ ọ́. Aṣọ ni ó ń tà. Fúnra rẹ̀ ni ó kọ lẹ́tà náà, kò bẹ akọ̀wé. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ìlú rẹ̀. Ó ní ọmọ òun obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mú ìwé kan bọ̀ láti ilé-ìwé. Tíṣà tí ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì ni ó yá a. Ọmọ náà ka ìwé yìí títí iná fi lọ, ó tan fìtílà, ó tún ń kà á. Inú ìyá dùn. Ó ní ọmọ òun ti ń di dókítà bọ̀ nìyẹn. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, ó bá ọmọ náà níbi tí ó ti ń sunkún lórí ìwé. Ó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ojú ibi tí ó ṣí sí, àyà rẹ̀ sì já. Àgbàlagbà ọkùnrin kan ni ó ń fipá bá ọmọ ọdún mẹ́jọ lò pọ̀ níbẹ̀.

Ìyá yìí ní òun kò mọ bí òun ṣe dé ilé-ìwé náà. Gèlè kò dúró lórí, ìró kò dúró nídìí. Ọ̀gá ilé-ìwé gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀, ó ránṣẹ́ pe tíṣà náà, ó sì fún un ní ìkìlọ̀ níwájú òbí. Ìyá wá ní kí n fi ojú ìwé mi yìí sọ fún gbogbo ọ̀gá ilé-ìwé pé kí wọ́n kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ dànù. Ó ní bí a bá ń fi ìdọ̀tí kọ́ ọmọ, ìdọ̀tí ni ọmọ yóò fi ṣe aṣọ wọ̀.

Ìyá wa, mo kí yín. N kò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe é. Abiyamọ tí ó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ tí kò já láyà, ẹ jẹ́ kí a yẹ àyà rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹ ti bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi, òótọ́ ni n óò sì fi dá yín lóhùn. Mo mọ ìwé náà. Mo ti kà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún yín, nítorí ojú ìwé kan péré ni ẹ rí.

Orúkọ tí wọ́n sọ ìwé náà ni I Know Why the Caged Bird Sings. Ohun tí orúkọ yìí ń wí ni pé ẹni tí ó kọ ọ́ mọ ìdí tí ẹyẹ tí a há mọ́ inú àgò fi ń kọrin. Maya Angelou ni ó kọ ọ́, obìnrin aláwọ̀ dúdú, ọmọ Amẹ́ríkà. Ìlú St. Louis ni a ti bí i ní 1928, ó sì kú ní 2014. Ilẹ̀ wa níhìn-ín kò ṣàjèjì sí i, nítorí ó gbé ní Accra láti 1962 títí di 1965. Ní 1969 ni ìwé náà jáde. Kì í ṣe ìtàn àròsọ o. Ìgbà èwe ara rẹ̀ ni ó rò fún wa.

Ẹ̀yin ọlọ́jà yóò fẹ́ràn ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Maya kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin tí bàbá àti ìyá rẹ̀ fi kọ ara wọn. Wọ́n gbé òun àti Bailey, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, sínú ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n so bébà mọ́ wọn lọ́rùn ọwọ́ bí ìgbà tí a ń fi ẹrù ránṣẹ́. Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá wọn ni wọ́n fi wọ́n ránṣẹ́ sí, ní Stamps, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Arkansas. Ìyá àgbà yìí, Annie Henderson, ọlọ́jà pọ́ńbélé ni. Oúnjẹ ọ̀sán ni ó kọ́kọ́ ń sè tà fún àwọn tí ń la pákó àti àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀rọ òwú. Nígbà tí owó gbọ́, ó kọ́ ìsọ̀. Oúnjẹ wà níbẹ̀, òwú ìránṣọ wà níbẹ̀, oúnjẹ adìyẹ àti epo fìtílà wà níbẹ̀. Ní kùtùkùtù, kí àwọn tí ń já òwú tó lọ sí oko olówó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ra nǹkan tí wọn yóò jẹ. Lẹ́yìn káńtà ìsọ̀ yìí ni Maya ti mọ ìṣirò, tí ó sì mọ bí a ti ń wọn ìyẹ̀fun láìṣe àbùkù.

Nígbà tí ó di ọmọ nǹkan bí ọdún méje, bàbá rẹ̀ mú àwọn méjèèjì padà lọ sọ́dọ̀ ìyá wọn ní St. Louis. Ọkùnrin kan ń bá ìyá náà gbé. Ọkùnrin yìí ni ó ba ọmọ náà jẹ́. Ó ní bí ó bá fi lè sọ fún ẹnikẹ́ni, òun yóò pa Bailey. Ọmọ náà gbé e mọ́ inú títí àìsàn fi gbé e dè. Ibi tí wọ́n ti ń tún ibùsùn rẹ̀ ṣe ni wọ́n ti rí aṣọ tí ó fi pa mọ́. Ilé ìwòsàn ni ó ti sọ orúkọ ọkùnrin náà fún Bailey.

Ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Lọ́yà ọkùnrin náà bi ọmọ náà níwájú gbogbo ènìyàn bóyá ọkùnrin yìí ti fọwọ́ kàn án rí ṣáájú ọjọ́ náà. Ó ti fọwọ́ kàn án rí. Ṣùgbọ́n ọmọ náà rò ó pé bí òun bá sọ bẹ́ẹ̀, wọn yóò ní òun náà lọ́wọ́ sí i. Ó ní rárá. Wọ́n sọ ọkùnrin náà sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan àti ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n lọ́yà rẹ̀ gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Kò pẹ́ sí i, a bá òkú rẹ̀ níta. Wọ́n ti lù ú pa. Ọmọ ọdún mẹ́jọ wá rò ó nínú ara rẹ̀ pé ẹnu òun ni ó pa á. Bí òun bá tún la ẹnu, ẹlòmíràn yóò kú. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di odi. Fún nǹkan bí ọdún márùn-ún, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, àfi Bailey nìkan.

Wọ́n dá a padà sí Stamps. Àwọn ènìyàn ní ó ti ya dìndìnrìn. Obìnrin kan wà níbẹ̀, Bertha Flowers ni orúkọ rẹ̀, afínjú obìnrin, ọ̀mọ̀wé. Ó pe ọmọ náà wá sí ilé rẹ̀, ó fún un ní bisikíìtì àti ohun tútù mu. Ó ṣí ìwé, ó kà á sókè sí i létí. Ó wá yá a ní ìwé, ó ní kí ó lọ máa fi ohùn ara rẹ̀ kà á sókè. Kò bi í ní ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kò sì lù ú kí ó lè sọ̀rọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ohùn ọmọ náà padà dé. Nígbà tí ó dàgbà, ó fi ohùn náà kọ ìwé tí ọmọ yín ń kà, ìyá wa.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n fi ojú ìwé yìí rí ní ìlú rẹ̀. Ní 1983, àwọn mẹ́rin nínú ìgbìmọ̀ tí ń yan ìwé fún àwọn ilé-ìwé ní ìpínlẹ̀ Alabama ní kí a má gbà á, nítorí ó ń kọ́ni láti kórìíra àwọn òyìnbó. Ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé ní Amẹ́ríkà máa ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ìwé tí àwọn ènìyàn ń fẹ́ kí a kó kúrò. Láàrin 1990 sí 1999, ìwé yìí ni ó ṣe ẹ̀kẹta ní gbogbo Amẹ́ríkà. Láàrin 2000 sí 2009, òun ni ó ṣe ẹ̀kẹfà. Ẹjọ́ tí wọ́n sábà máa ń pè mọ́ ọn ni ẹjọ́ tí ẹ̀yin náà pè mọ́ ọn, pé ohun tí ọkùnrin náà ṣe sí ọmọdé wà nínú rẹ̀.

Ní oṣù Kẹrin 2020, ní Alaska, ìgbìmọ̀ àwọn ilé-ìwé agbègbè Palmer dìbò, ènìyàn márùn-ún sí méjì, pé kí ìwé yìí àti mẹ́rin mìíràn kúrò nínú èyí tí tíṣà lè fi kọ́ àwọn ọmọ girama. Ariwo ta. Àwọn olórin kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ agbègbè náà ní àwọn yóò fi owó àwọn ra ìwé náà fún ọmọ tí ó bá fẹ́ kà á. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kejì, ìgbìmọ̀ ti jẹ ọ̀rọ̀ wọn padà.

Kì í ṣe òun nìkan. Ìwé The Bluest Eye tí Toni Morrison kọ ní 1970 dá lórí ọmọbìnrin kékeré kan tí bàbá tí ó bí i bà jẹ́. Ní oṣù Kìíní 2022, ìgbìmọ̀ àwọn ilé-ìwé Wentzville, tí kò jìnnà sí St. Louis tí a ti bí Maya, dìbò mẹ́rin sí mẹ́ta kí wọ́n kó o kúrò ní ilé ìkàwé. Àwọn kan gbé wọn lọ sí kóòtù, wọ́n sì dá ìwé padà ní oṣù Kejì. The Color Purple tí Alice Walker kọ ní 1982, ọ̀rọ̀ kan náà ni, ojú kan náà ni òun náà sì ti rí.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ gbọ́ èyí. Ní 2022 yìí kan náà, ìjọba Amẹ́ríkà ya àwòrán Maya Angelou sára owó ẹyọ wọn, èyí tí mẹ́rin rẹ̀ ń jẹ́ dọ́là kan. Wọ́n ń ná an lọ́jà, wọ́n ń fi í ra búrẹ́dì. Nígbà tí ó di oṣù Kẹrin 2025, wọ́n kó ìwé 381 kúrò ní ilé ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi wọn ní Annapolis, ìwé Maya sì wà nínú rẹ̀. N kò ní parọ́ fún yín: níbẹ̀, ọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ ara àti nípa akọ àti abo ni wọ́n sọ pé àwọn ń wá kiri, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí Hitler kọ kò kúrò lórí pẹpẹ. Ní oṣù Karùn-ún, wọ́n dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìwé náà padà. Orí obìnrin náà dára lójú owó, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ni wọn kò fẹ́ gbọ́.

Bí mo ti ka lẹ́tà yìí tán lálẹ́, mo kà á sókè sí ìyàwó mi létí. Ó ń ka owó ọjà rẹ̀ lórí ẹní, mo rò pé kò gbọ́. Mo ń rò bí n óò ti dá ìyá yìí lóhùn, mo ti ń to ọdún àti iye jọ bí ẹ ti rí i lókè yìí. Àfi bí ó ti gbé orí sókè.

Ó ní, “Bàbá Ṣadé, ọmọ yẹn ńkọ́?”

Mo ní, “Ọmọ wo?”

Ó ní, “Ọmọ tí ń sunkún. Kí ni ó ń pa á lẹ́kún?”

Mo wo lẹ́tà náà. Ojú ìwé mẹ́rin ni. Ìyá sọ bí inú ti bí òun, ó sọ ohun tí ọ̀gá wí, ó sọ ohun tí tíṣà wí. Kò sí ibi tí ó ti sọ pé òun bi ọmọ léèrè ohun tí ó ń pa á lẹ́kún. Ọ̀gá kò bi í. Tíṣà kò rí i bi í. Èmi tí mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò wá sí mi lọ́kàn.

Ìyá wa, ẹ má bínú. Kì í ṣe pé mo ní ohun kan ti ṣe ọmọ yín. Ènìyàn lè sunkún lórí ìwé nítorí àánú lásán. Èmi tí mo jẹ́ àgbà, mo sunkún lórí ìwé náà. Ṣùgbọ́n a kò mọ̀. Ìwé nìkan ni gbogbo wa sáré sí, a fi ọmọ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò lè bá ìyá yìí wí kí n má bá ara mi wí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò kọ sí ojú ìwé yìí rí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ti fún mi láyè kí n sọ ọ́, bí n kò bá ti dárúkọ.

Ní 1984, mo ń kọ́ kíláàsì kẹta ní ilé-ìwé girama kan. Mo ní kí àwọn ọmọ kọ àròkọ lórí “Ìsinmi Tí Ó Kọjá”. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, jẹ́jẹ́ ni, ìwé rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó kọ ọ́ pé ọmọbìnrin kan lọ lo ìsinmi ní ilé àbúrò ìyá rẹ̀, ayálégbé kan sì wà nínú ilé náà. Ó kọ ohun tí ayálégbé náà ṣe sí ọmọbìnrin náà nígbà tí àwọn ará ilé lọ sí ọjà. “Ọmọbìnrin náà” ni ó ń kọ bọ̀ láti òkè. Nígbà tí ó dé ìdajì ojú ìwé kejì, “ọmọbìnrin náà” di “mo”.

Ṣé ẹ mọ ohun tí èmi tíṣà ṣe? Mo mú bírò pupa, mo yí “mo” náà ká, mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé àṣìṣe ni. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn pẹ̀lú “ọmọbìnrin náà” kò gbọdọ̀ parí rẹ̀ pẹ̀lú “mo”. Mo wá fa ìlà gbọọrọ kọjá lórí gbogbo rẹ̀, mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: “Èyí kò yẹ ọmọlúàbí. Lọ tún un kọ.”

Ó tún un kọ. Ó kọ nípa ọdún egúngún. Ó dára gan-an, mo fún un ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, mo sì kà á fún gbogbo kíláàsì. Nígbà tí a wọlé ní sáà tí ó tẹ̀lé e, kò padà wá. N kò bèèrè. Ọmọ obìnrin tí kò bá padà wá sí ilé-ìwé nígbà náà kì í ṣe tuntun.

Ó lé ní ogún ọdún kí n tó tún rí i. Ata ni ó ń tà. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó bu èènì fún mi. Mo ní, “O kò parí ìwé rẹ mọ́?” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, “Tíṣà, mo kọ ọ́ fún yín rí.” Kò fi ìbínú sọ ọ́. Mo gbé ata mi, mo kúrò níbẹ̀, n kò sì lè sọ fún yín bí mo ti dé ilé.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé kò sí ìgbìmọ̀ kankan tí ó dìbò lé àròkọ ọmọ náà lórí. Kò sí ìjọba tí ó pàṣẹ. Èmi nìkan ni, pẹ̀lú bírò kan. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lọ́jọ́ náà, n óò ní mo ń bo àṣírí ọmọ náà ni. Ọ̀rọ̀ rere ni bíbo àṣírí nílẹ̀ wa. A máa ń fi í gbàdúrà. Ṣùgbọ́n mo ti wá ń bi ara mi: àṣírí ta ni mo bò? Ọmọ náà ti tú àṣírí ara rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ayálégbé ni mo bo àṣírí rẹ̀. Òun ni ó jèrè ìlà pupa tí mo fà.

Ìbéèrè yìí ni kí a máa bi ara wa nígbàkígbà tí a bá fẹ́ ti ìwé mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Wọ́n ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ yóò la ojú ọmọ sí ìbàjẹ́. Ohun tí Maya kọ, ẹni tí ó bá kà á yóò mọ̀ pé ìrora ni ó wà níbẹ̀, kò sí adùn kankan. Ọmọ tí nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣe rí yóò kọ́ àánú àti ìṣọ́ra. Ọmọ tí ó ti ṣe rí yóò mọ̀ pé òun nìkan kọ́, pé kì í ṣe ẹ̀bi òun, àti pé ẹni tí ó bá la ẹnu kò ní kú. Bí a bá gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ariwo, ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ ni pé ohun tí ó ṣe òun burú tó bẹ́ẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ kà á.

Ẹ tún wo ohun mìíràn. Nínú fíìmù wa àti eré orí ìtàgé wa, mélòó ni ẹ ti rí tí ọkọ gbá ìyàwó létí tí òǹwòran rẹ́rìn-ín? Mélòó ni ẹ ti rí tí wọ́n wọ́ obìnrin jáde ní yàrá, tí a ń fi ṣe àwàdà? Àwọn ọmọ wa jókòó tì wá, a jọ wò ó, a jọ rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni kò gbé gèlè lọ́wọ́ sáré lọ bá ọ̀gá. Nítorí náà, ó dà bí ẹni pé lílù obìnrin kò bí wa nínú tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń bí wa nínú ni kí obìnrin náà dìde kí ó sọ bí ó ti dùn ún.

N kò wí pé kí a kó gbogbo ìwé fún gbogbo ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò gbọdọ̀ ka ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè kà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́kọ́ ka ìwé tán kí ẹ tó yá ọmọ, ẹ fi tó òbí létí, ẹ má sì fi ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí ó wúwo lóun nìkan. Ẹ jókòó tì í bí Bertha Flowers ti jókòó ti Maya. Òbí tí ó bá ní òun kò fẹ́ kí ọmọ òun kà á, ó ní ẹ̀tọ́ lórí ọmọ tirẹ̀. Ẹ fún ọmọ náà ní ìwé mìíràn. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀tọ́ láti gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Kò mọ èyí tí ó ń wá ìwé náà bí ẹni ń wá egbòogi.

Bí ọmọ bá sì wá sọ̀rọ̀, tàbí tí ó kọ ọ́, ẹ gbà á gbọ́. Ẹ má bi í ní ohun tí ó wọ̀ àti ibi tí ó ń lọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ má fọ aṣọ rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, nítorí oògùn tí ń dènà àrùn éèdì kò ní iṣẹ́ tí ó lè ṣe mọ́ bí ó bá kọjá ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá gbọ́. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ wa ní 2003 sọ pé ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tí ó bá bá ọmọdé lò pọ̀. Òfin ní eyín, ẹnu ọmọ ni ó ń dúró dè. Bí a bá ti di ọmọ lẹ́nu, òfin kò ní rí nǹkan gé jẹ.

Ìyá wa, èsì mi nìyí. N kò ní bá yín sọ fún àwọn ọ̀gá ilé-ìwé pé kí wọ́n kó ìwé dànù. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé lálẹ́ òní, nígbà tí ẹ bá ti ìsọ̀ tán, kí ẹ pe ọmọ yín. Ẹ má mú pàṣán, ẹ má mú ìwàásù. Ẹ ní, “Ọmọ mi, lọ́jọ́ náà, kí ni ó pa ọ́ lẹ́kún?” Kí ẹ wá dákẹ́. Bí ó bá jẹ́ àánú Maya ni, ẹ bá a dúpẹ́ pé ọmọ aláàánú ni ẹ bí. Bí ó bá jẹ́ ohun mìíràn, ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán.

Ní òwúrọ̀, ẹ padà lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, kí ẹ ní kí ó ṣí dúrọ́ọ̀ náà.

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé mi ò dá nìkan wà nídìí bírò pupa. Ẹ kọ̀wé sí mi. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.